Ẹlúùlú Olójú Pupa

Tí ẹ bá fẹ́ ra ìwé tí a fi ń dá ẹyẹ mọ̀, ẹ má rà á nítorí pé ó ń dán. Mo tètè sọ ọ́ báyìí nítorí pé inú ṣì ń bí mi, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ọdún ti gorí ọ̀rọ̀ náà. Olùkọ́ ni mí. Ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Kábbà nígbà náà. Ẹ wá wo ohun tí olùkọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe.

Bàbá mi ló kọ́kọ́ dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Àgbẹ̀ ni, oko rẹ̀ wà lọ́nà Ìyàrá, kò sì sí ẹyẹ tó ń fò kọjá lórí oko yẹn tí kò mọ orúkọ rẹ̀, ohun tó ń jẹ, ibi tó ń yé sí, àti ohun tí igbe rẹ̀ túmọ̀ sí. Kò kàwé. Iṣu àti kọfí ló fi rán èmi lọ sílé ẹ̀kọ́. Nígbà tí wọ́n gé wa kúrò lára Kúwárà tí wọ́n fi wá sí Kogí, ojú bàbá mi ti ń ṣe bàìbàì. Dókítà ní iṣan ojú ló ń kú, pé kò sí iṣẹ́ abẹ tó lè jí i.

Ó pè mí lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ọmọ mi, wá bá mi kọ àwọn ẹyẹ yìí sílẹ̀. Màá máa pè é, ìwọ máa kọ ọ́. Kó tó di pé mi ò rí wọn mọ́."

Ohun tó yẹ kí n ṣe ò ju kí n mú bírò lọ. Ṣùgbọ́n ìwé ti wọ̀ mí lágbárí. Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wá ìwé ẹyẹ tó dára, ká lè mọ ohun tí wọ́n ń jẹ́ gan-an."

Ohun tí wọ́n ń jẹ́ gan-an! Ẹ gbọ́ ẹnu mi. Bí ẹni pé ìnagijẹ lásán ni bàbá mi ti ń pè wọ́n láti kékeré.

Lásìkò yẹn, gbogbo ọ̀rọ̀ wa ti di ti Lọ́kọ́ja. Àwọn fáìlì wa tó wà ní Ìlọrin ni wọ́n ń kó lọ síbẹ̀, olùkọ́ tí kò bá sì rí tirẹ̀, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni yóò fi wá a lọ. Ibi tí mo ti lọ wá fáìlì mi ni mo ti rí ọkùnrin kan tó tẹ́ ìwé àlòkù sórí tapólì nítòsí ibùdókọ̀. Ìwé ẹyẹ kan wà láàárín wọn, ó wúwo bíi bíríkì, fọ́tò ni gbogbo àwòrán inú rẹ̀, wọ́n sì ń dán yinrinyinrin.

"Àǹtí," ọkùnrin náà ní, "kò sí ẹyẹ láyé yìí tí kò sí nínú ẹ̀."

Irọ́ ni. Ẹyẹ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló wà níbẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé náà gbàgàdà. Èmi tí mo máa ń na ọmọ ọlọ́mọ nítorí pé kò ka ìbéèrè tán kó tó dáhùn, èmi ò yí ẹ̀yìn ìwé wò. Mo gbé e sáyà, mo wọ mọ́tò Kábbà, inú mi ń dùn bíi ti ẹni tó lọ gba oyè bọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé, mo gbé ìwé náà lọ bá bàbá mi níwájú ilé. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, àgbẹ̀ bíi tirẹ̀, jókòó tì í. "Okun o, ọmọ mi," bàbá mi kí mi. Okun la fi ń kí ara wa nílẹ̀ wa. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́, ẹni tó ti ọ̀nà dé, ẹni tí ó rẹ̀, okun ni gbogbo wọn ń gbà, òun náà ni wọ́n sì fi ń pe gbogbo wa. Ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹlúùlú, ẹyẹ tó ń pe òjò.

"Orí rẹ̀ dúdú," ó ní. "Àyà rẹ̀ funfun. Apá rẹ̀ pọ́n bí iyẹ̀pẹ̀ ọ̀nà oko. Ojú rẹ̀ pupa bí ata. Kì í fò jìnnà, inú igbó tó dí ló ń rápálá kiri."

Mo ṣí ìwé atúmọ̀ èdè tí mo ti ń lò láti ọjọ́ tí mo ti wà nílé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́. Ó ní kukúù ni Òyìnbó ń pe ẹlúùlú. Mo wá kukúù nínú ìwé ẹyẹ mi. Ẹyẹ kan jáde, àwọ̀ eérú láti orí dé ẹ̀yìn, ilà wẹ́wẹ́ lára ikùn, ojú rẹ̀ sì rí bí ìyeyè.

"Bàbá, ẹ ti ṣì í," mo ní. "Eérú ni àwọ̀ rẹ̀. Ojú rẹ̀ ò pupa. Òun rèé."

Ọ̀rẹ́ bàbá mi bú sẹ́rìn-ín, ó kọjú sí bàbá mi. "Háà! Ìwé ti mú ọ lónìí!"

Bàbá mi gba ìwé náà. Ó gbé e súnmọ́ imú, ó yí i sí oòrùn, ó tún yí i padà. Ó pẹ́ lórí ẹ̀ gan-an. Lẹ́yìn náà ó fi lé mi lọ́wọ́.

"Ìwé ò lè purọ́," ó ní. "Á jẹ́ pé ojú mi ti ń tàn mí tipẹ́."

Inú mi dùn! Ohun tó ń dùn mí jù nínú gbogbo ẹ̀ nìyẹn. Mo rò pé mo ti kọ́ bàbá mi ní nǹkan kan.

Láti ọjọ́ náà, kò pe orúkọ ẹyẹ mọ́. Tí mo bá ní, "Bàbá, èwo ló ń ké yẹn?" á ní, "Ẹyẹ kan ni." Tí mo bá fi ọ̀rọ̀ náà ni ín lára, á ní, "Wò ó nínú ìwé ẹ." Mo rò pé ara rẹ̀ ni ò yá. Ojú rẹ̀ ń lọ díẹ̀díẹ̀, àwọn ẹyẹ náà ń lọ tẹ̀lé e, èmi sì jókòó, mò ń ṣí fọ́tò wò.

Ó wá di ọjọ́ kan tí ìyá mi sá iṣu gígé sórí àpáta ẹ̀yìn ilé, iṣu tó fẹ́ lọ̀ di èlùbọ́, ó sì lọ sọ́jà. Èmi ń máàkì ìwé ìdánwò nínú ilé. Ẹlúùlú bẹ̀rẹ̀ sí í ké nínú igbó ìsàlẹ̀, bí ìgbà tí omi ń dà jáde lẹ́nu kèrègbè. Mo rí bàbá mi láti ojú fèrèsé. Ó gbé orí sókè. Ẹnu rẹ̀ mì. Kò sọ nǹkan kan, ó sì gbé orí wálẹ̀. Èmi náà padà sídìí ìwé ìdánwò mi.

Òjò dé, ó sì rọ̀ dáadáa. Kí n tó sáré débẹ̀, iṣu ti ń léfòó nínú kòtò àpáta.

Ìyá mi bá a bẹ́ẹ̀. Kò bá mi jà lákọ̀ọ́kọ́, bàbá mi ló kọjú sí. "Ẹ ò gbọ́ ẹyẹ ni?"

"Mo gbọ́ ẹyẹ kan," bàbá mi ní. "Mi ò mọ̀ bóyá òun ni."

"Ẹlúùlú? Ẹ̀yin ni ẹ ò mọ igbe ẹlúùlú?" Ìyá mi gbé igbá ọjà rẹ̀ kalẹ̀. Ó wá yíjú sí mi. "Kí lo ṣe fún bàbá ẹ?"

Ìgbà yẹn ló tó yé mi. Òjò tí ẹlúùlú pè, orí ara rẹ̀ ni yóò rọ̀ lé. Ti èmi, orí bàbá mi ni mo pè é lé. Mo wọlé, mo yí ẹ̀yìn ìwé náà wò fún ìgbà àkọ́kọ́, mo ka ohun tó wà níbẹ̀, mo sì sọ ọ́ mọ́ ògiri. Mo bú ọkùnrin Lọ́kọ́ja yẹn títí ẹnu fi ro mí, ṣùgbọ́n mo mọ ẹni tí èébú náà tọ́ sí. Ìyá mi gbé ìwé náà nílẹ̀, ó sì ń fi páálí ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ́ná ní ilé ìdáná títí ó fi ya.

Ó pẹ́ kí n tó rí ìwé ẹyẹ mìíràn. Kí n tó rí i, bàbá mi ò rí nǹkan kan mọ́.

Ìlọrin ni mo ti rí i, nínú ilé ìtàwé ńlá kan. Mẹ́ta ló wà lórí pẹpẹ. Mo ti gbọ́n báyìí, nígbà tí ọgbọ́n ò fẹ́ ṣe mí láǹfààní mọ́. Ẹ̀yìn ìwé ni mo kọ́kọ́ yí wò: èwo ló sọ pé ẹyẹ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà lòun ń sọ? Ọ̀kan ò sọ bẹ́ẹ̀, mo dá a padà. Ti èkejì, fọ́tò ni. Fọ́tò á fi ẹyẹ kan ṣoṣo hàn ọ́, nínú oòrùn ọjọ́ kan ṣoṣo, ó lè jẹ́ pé ọjọ́ yẹn gan-an ni ara rẹ̀ ò dá. Ẹ̀kẹta ò ju ohun tó lè wọ àpò lọ. Yíyà ni wọ́n ya ẹyẹ inú rẹ̀, akọ, abo àti ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, àlàyé wọn sì dojú kọ àwòrán. Síbẹ̀ mi ò tíì rà á. Mo wá ẹyẹ tí mo mọ̀ jù, èyí tí mo gbọ́ lẹ́nu bàbá mi.

Ó wà níbẹ̀. Orí dúdú. Àyà funfun. Apá tó pọ́n bí iyẹ̀pẹ̀ ọ̀nà oko. Ojú pupa. Wọ́n ní ẹbí kan náà ni òun àti kukúù. Atúmọ̀ èdè pe orúkọ ẹbí fún mi, èmi sì lọ mú ọmọ tí kì í ṣe tiwa wá. Mo pariwo nínú ilé ìtàwé yẹn. Ọmọbìnrin tó ń tajà níbẹ̀ bi mí bóyá ìwé tí mò ń wá ni ò sí.

Ọjọ́ kejì ni mo ka ìwé náà fún bàbá mi, gbólóhùn kan lẹ́yìn òmíràn, mò ń túmọ̀ rẹ̀ bí mo ṣe ń lọ. Mo ní, "Bàbá, ẹ ò ṣì í. Èmi ni mo ṣì í."

Ó na ọwọ́, ó sì fi ìka ra ojú ìwé náà.

"Ìwé ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ìwé ló sọ bẹ́ẹ̀."

"Ojú pupa?"

"Ojú pupa, Bàbá."

Ó mí kanlẹ̀. "Á jẹ́ pé mo rí i nígbà náà," ó ní. "Okun o, ọmọ mi."

Ìbínú tó gbé mi lọ́jọ́ náà ò tíì sọ̀ mí kalẹ̀. "Bàbá, ẹ ti rí i kí wọ́n tó tẹ ìwé yìí!" mo pariwo mọ́ ọn, àfi bíi pé ó ṣẹ̀ mí. Ó kàn ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Kì í ṣe ojú rẹ̀ ló gbàgbọ́, ìwé ló gbàgbọ́, èmi ni mo sì kọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Mo mú bírò níkẹyìn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n. Tó bá ti pe ọ̀kan, á dúró kí n wá a nínú ìwé kó tó pe èkejì. Àwọn kan wà tí mi ò rí, nítorí pé orúkọ tí bàbá mi ń pè wọ́n kò sí nínú atúmọ̀ èdè kankan, àwọn ẹyẹ náà kò sì tíì bà níwájú mi kí n lè fi wé àwòrán.

"Ṣé ó wà níbẹ̀?"

"Mi ò tíì rí i, Bàbá."

"Pa á rẹ́, jàre. Ojú mi ló tàn mí."

Mi ò pa ọ̀kankan rẹ́. Bírò ni mo máa ń gbé, màá sì fi ha etí bébà, kó lè gbọ́ ọ, kó sì rò pé mo ti pa á rẹ́.