Ogójì Àlùbọ́sà Tèmilọlá

Ọládòṣù kì í ṣe ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ ọ́ sọ. Ọdún mọ́kànlélógún ló ti ń ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò irè oko ní yunifásítì kan ní Maiduguri, ohun tó sì jẹ ẹ́ lógún jù láyé ni ìdí tí àlùbọ́sà fi ń bu. Ìyàwó rẹ̀ ló máa ń bá a bá ọmọ wọn sọ̀rọ̀. Nígbà tí ìyàwó kú, tí Tèmilọlá sì rí iṣẹ́ sí Ìbàdàn, ilé wọn ní 1000 Housing Estate wá dákẹ́ rọ́rọ́. Àdáwà ń jẹ ẹ́ níyà.

Ló bá dá ọgbọ́n kan. Lóṣù kẹrin, ó ra àlùbọ́sà lóko àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Jàáfárù, ó di ogójì ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ ní Ìbàdàn, ó fi ogójì sílé. Ó fẹ́ mọ ibi tí lẹ́búlẹ́bú dúdú tó ń bò wọ́n ti ń wá: ṣé ooru Maiduguri ni, àbí ọ̀rinrin Ìbàdàn? Gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi ló ń pè é.

"Mélòó ló ti bu?"

"Mẹ́sàn-án, Bàbá."

"O ṣeun."

Ó parí nìyẹn. Bí ẹni pé ẹnu rẹ̀ yóò ya bó bá béèrè àlàáfíà ọmọ! Ojú lọ̀rọ̀ wà, ojú ò sì sí lórí fóònù. Síbẹ̀, ìpè yẹn ló ń retí láti ọjọ́ Ajé.

Lóṣù kẹsàn-án, ó la àwọn tirẹ̀ tí ara wọn ṣì ń dán. Dúdú náà ti wà lábẹ́ èèpo wọn. Àṣé inú erùpẹ̀ oko ni wọ́n ti gbé e wá. Bí ooru àti ọ̀rinrin bá ti pàdé, níbi yòówù, á jí. Ìdáhùn dé, ẹ̀rù sì bà á, nítorí kò ní ìdí láti pe ọmọ mọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi pa á mọ́ra. Níkẹyìn ó sọ lórí fóònù pé, "La àwọn tó kù lọ́dọ̀ rẹ."

Hausa ni Tèmilọlá máa ń bọ́ sí bí ojú bá ń tì í. "Baba, don Allah ka yi haƙuri. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Kò sí àlùbọ́sà kankan. Láti oṣù kẹfà ni wọ́n ti bàjẹ́ tán. Èmi ni mo ń dá iye wọn sọ. Mo rò pé bí wọ́n bá tán, ẹ ò ní pè mí mọ́."

Ọládòṣù ti bá akẹ́kọ̀ọ́ méjì jà nítorí irú irọ́ yìí. Ó wo ìwé tó ń kọ iye wọn sí, omi lé ròrò sójú rẹ̀. Ó pa ìwé náà dé.

"Tèmilọlá," ó ní, "kí lo jẹ lónìí?"