Ìyá Àgbà Tó Wọ Orí Pápá

Ilẹ̀ pápá gbóná lẹ́yìn mi, ojú ọ̀run ń yí, mo sì ń gbọ́ fèrè rẹfirí bí ẹni pé inú kànga ni wọ́n ti ń fọn ọ́n. Èmi àti ọmọbìnrin kan láti iléèwé Ìbàfò la jọ fò sí bọ́ọ̀lù kan náà, la bá forí gbárí. Ẹnu mi kún fún ẹ̀jẹ̀ àti iyanrìn. Tíṣà tó ń kọ́ wa ní bọ́ọ̀lù da omi inú ọ̀rá lé mi lórí.

"Dìde, jàre. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n gba ife ẹ̀yẹ mọ́ Mówè lọ́wọ́ ni?"

Mo dìde, mo sì bì. Ó tún ń tì mí wọlé.

Ibẹ̀ ni mo ti rí ìyá àgbà mi tó ń bọ̀ láàárín pápá, tó fi bàtà rẹ̀ sọ́wọ́.

"Mama, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúrò níbí," ni tíṣà wí. "Bọ́ọ̀lù ń lọ lọ́wọ́."

"Kó máa lọ. Ọmọ tèmi ò lọ mọ́."

"Orí kàn gbá orí ni, Mama. Kò le tó bẹ́ẹ̀."

"Ṣé ó dìgbà tó bá kú kí n tó wá gbé e?"

Ó gbé mi kúrò lórí pápá, àwọn èèyàn sì ń hó lé wa lórí. Ìbàfò nà wá lọ́jọ́ náà, ó sì pẹ́ tí wọ́n fi ń pe ìyá àgbà mi ní ìyá tó ta ife wa.

Kì í ṣe pé kò fẹ́ràn bọ́ọ̀lù o. Nírọ̀lẹ́, tí mo bá ti ibi ìdánrawò dé, yóò yọ́ òrí lẹ́bàá iná, yóò fi wọ́ mi lẹ́sẹ̀ títí gbogbo yàrá á fi máa rùn. Yóò wá jókòó ti àwo ẹ̀wà rẹ̀, yóò máa ṣà á, òkúta inú rẹ̀ á máa dún kó-kó nínú agolo, yóò sì máa bi mí ta ló jẹ góòlù.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ọ̀rẹ́ mi kan ládùúgbò wa ló bọ́ sí ipò mi. Èkó ni ìyá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Kí àkùkọ tó kọ ló ti máa ń jáde, ọ̀dọ̀ wa sì ni ọmọ náà máa ń wà. Orúnkún ọmọ náà ti wú kí ìdíje àṣekágbá tó dé. Tíṣà wa fi báńdéèjì dì í, ó fún un ní oògùn ara ríro, ó ní tó bá ti gba ife tán, yóò sinmi. Ó gbá bọ́ọ̀lù náà títí orúnkún fi yẹ̀. Kò sí ẹni tó wọ pápá wá gbé e.

A gba ife náà. Wọ́n ń gbé e jó kiri títì, ọmọ náà sì wà lórí ẹní ní pálọ̀ wa, ó ń fi eyín di aṣọ ìyá àgbà mi mú kó má baà ké.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá àgbà mi mú mi dání lọ bá ọ̀gá iléèwé.

"Mama, ọmọ yín kọ́ ni," ni ọ̀gá wí. "Eré ìdárayá ni. A ó máa gbàdúrà fún un."

"Lánàá tó jẹ góòlù, ọmọ yín ni. Orúnkún rẹ̀ yẹ̀, ó wá di ọmọ ìyá rẹ̀? Àdúrà wo lẹ fẹ́ gbà? Ọwọ́ yín náà lẹ fi tì í wọlé."

Wọn kò bi tíṣà náà ní nǹkan kan. Ọ̀rẹ́ mi ń ránṣọ ní Akute báyìí; tó bá ń gun àtẹ̀gùn, ọwọ́ ló fi ń gbé ẹsẹ̀ náà.

Ìyá àgbà mi ti lọ. Inú ṣì ń bí mi, n kò sì fẹ́ kó rọ̀. Níbi eré ìdárayá àwọn ọmọ mi ní Arepo, n kì í jókòó lábẹ́ kánópì. Ẹ̀bá pápá ni mo máa ń dúró sí. Ìlà funfun tí wọ́n fà yí pápá ká, ẹfun lásán ni. Àgbàlagbà tó bá rí ọmọ tó ń ṣèṣe lè tẹ̀ ẹ́ kọjá.