Èbù Jàríátù Lọ́dún Ìyàn

Kí ẹnikẹ́ni má pe Jàríátù ará Kambolé ní ahun. Lọ́dún 1983 tí òjò kọ̀ tí kò rọ̀, ọ̀pọ̀ ilé ló sè èbù iṣu tó yẹ kí wọ́n gbìn jẹ. Jàríátù ní ẹni tó bá jẹ èbù, oko ọdún tó ń bọ̀ ló jẹ. Ọkọ rẹ̀, Àkàndé, ti lọ ń ru ẹrù lọ́jà Sokodé. Ilé wá ku Jàríátù àti ìyá ọkọ rẹ̀, arúgbó tí kò léyín mọ́. Ẹ̀kọ olómi ni wọ́n ń mu láàárọ̀, òun náà ni lálẹ́. Lọ́jọ́ kan, ìyá bẹ̀bẹ̀ fún iṣu sísè kan ṣoṣo. Jàríátù ní kí wọ́n ṣe sùúrù, iṣu tuntun ń bọ̀. Ojú tì í bó ṣe ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n kò ṣí àká.

Nígbà tó yá, wọ́n kéde pé kí onílé kọ̀ọ̀kan wá gba àgbàdo ìrànlọ́wọ́ ní Tchamba. Akọ̀wé kan, tó fi báàjì ẹgbẹ́ tó ń pín oúnjẹ náà sáyà, ń béèrè bóyá iṣu ṣẹ́ kù nílé ẹni. Ní Kambolé, àgbẹ̀ tí àká rẹ̀ ṣófo kì í lè gbójú sókè láwùjọ. Jàríátù bá fi ìyangàn dáhùn pé ọgọ́rin èbù wà nílé òun, wọ́n pé pérépéré. Ó rò pé wọn yóò yin òun ni. Akọ̀wé fa igi lé orúkọ rẹ̀, ó ní lédè Faransé:

“C'est bon, madame.”

Ògbufọ̀ tó dúró tì í ní ohun tó ń sọ ni pé ó tán, ẹni tó ṣì ní iṣu kò sí lára ẹni tébi ń pa.

Jàríátù yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Sàláwù aládùúgbò rẹ̀, tó ti jẹ gbogbo èbù tirẹ̀ tán, gbé odindi àpò kan kọjá níwájú rẹ̀. Ṣé wèrè lòun ni? Ebi oṣù mẹ́ta tí òun àti arúgbó fara dà, kí ni èrè rẹ̀?

Bó ṣe délé, ó ṣí àká, ó kó èbù mẹ́wàá sínú agbọ̀n, ó gbé ìkòkò kaná, ó ní Bísímílà, ó mú ọ̀bẹ. Ìyá yóò jẹun yó lónìí, kí ọ̀la ṣe bó bá ṣe wù ú. Ìyá gbọ́ ìró ọ̀bẹ, ó rọra jáde. Jàríátù ro ẹjọ́ náà látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Arúgbó gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ìyàwó, ebi iṣu yìí ti pa mí tán. Bí o bá sè é lónìí, a jẹ́ pé lásán ló pa mí. Lọ gbìn ín.”

“Ìyá, tí iṣu tuntun ò bá bá yín láyé ńkọ́?”

“Mo mọ̀,” ni ìyá wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn èbù náà padà sínú agbọ̀n lọ́kọ̀ọ̀kan. Jàríátù sọ ìkòkò kalẹ̀ lórí iná.