Sàídátù Oníkọ́kọ́rọ́ àti Àwọn Òròmọdìyẹ Lakowe

Tí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù tàbí ti ọ́fíìsì bá ti èèyàn mọ́ta láti Oníru títí dé Lakowe, kì í pẹ́ tí ẹnìkan á fi sọ pé, "Ẹ ò ṣe pe Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́?" Sàídátù lorúkọ obìnrin tí wọ́n ń wí yìí. Ó ti lé díẹ̀ lógójì ọdún, kò ga, kò sanra, ẹ̀rín kì í sì í jìnnà sí ẹnu rẹ̀. Ó ní mọ́tò kékeré kan tó ti gbó, ẹ̀rọ tó ń gé kọ́kọ́rọ́ sì wà nínú búùtù rẹ̀, pẹ̀lú fáìlì irin, epo, kọ́kọ́rọ́ tí wọn ò tíì gé, àti àpò awọ kan tó kún fún irin tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́. Kò gba ṣọ́ọ̀bù síbì kankan. Ó máa ń fi ṣe àwàdà pé òun ò tíì rí ilẹ̀kùn tó gbé ara rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù rí, ìyẹn ni òun ṣe ń lọ bá wọn nílé.

Abúlé apẹja kan létí ọ̀sà, lápá ibi tí Lẹ́kkí Free Zone wà báyìí, ni wọ́n bí i sí. Okùn àti ìwọ̀ ni bàbá rẹ̀ fi ń pẹja. Nínú ọkọ̀ ojú omi bàbá rẹ̀ ni Sàídátù ti kọ́ bí èèyàn ṣe ń fi ìka mọ ohun tí ojú ò rí. Bí okùn bá mì lọ́wọ́ rẹ̀, ó mọ̀ bóyá ẹja gidi ni, tàbí akàn kan tó kàn ń fi ìjẹ ṣeré. Nígbà tó lọ́kọ, òun àti Fuad ọkọ rẹ̀, tó ń fi táìlì sílé onílé, kó wá sí Ajah. Ẹja yíyan ló ń tà níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkùnrin ará Ìlọrin kan tó ń gé kọ́kọ́rọ́ lábẹ́ agboòrùn ńlá. Ọ̀gá Abdulmajeed ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n.

Lọ́jọ́ kan, àgádágodo kan dá Ọ̀gá Abdulmajeed lágara láti àárọ̀ títí oòrùn fi dé àtàrí. Sàídátù nu epo ẹja kúrò lọ́wọ́, ó sún mọ́ wọn.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ n fọwọ́ kàn án wò."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, wọ́n sì gbé e fún un bí ẹni ń gbé ohun ìṣeré fọ́mọdé. Sàídátù ti irin tẹ́ẹ́rẹ́ bọnú rẹ̀, ó dákẹ́, ó ń wo òkè bí ẹni tó ń rántí nǹkan. Kò pẹ́ tí àgádágodo náà fi ta kàì, tó sì là. Ẹnu ya Ọ̀gá.

"Ta ló kọ́ ọ?"

"Ẹja ni, sà."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní, "Tó bá di Mọ́ńdè, má yan ẹja wá mọ́. Wá jókòó síbí." Bí Sàídátù ṣe di ọmọṣẹ́ nìyẹn. Ọdún méjì ààbọ̀ ló lò lábẹ́ agboòrùn yẹn, kó tó di pé Ọ̀gá fa ọwọ́ rẹ̀ sókè níwájú gbogbo èèyàn pé ó ti gboṣẹ́.

Ọdún tó kọ́kọ́ dá dúró ni nǹkan kan ṣẹlẹ̀ sí i tí kò lè gbàgbé láéláé. Ọkùnrin kan tó múra dáadáa ní kó wá ṣí ilé ìkẹ́rùsí òun. Sàídátù ṣí i. Àṣé ọkùnrin náà àti ẹnìkejì rẹ̀ ti jà túká, ẹrù ẹni ẹlẹ́ni ló sì ń kó. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ni Sàídátù fi jókòó sí àgọ́ ọlọ́pàá tó ń ṣàlàyé ara rẹ̀, kó tó di pé Ọ̀gá Abdulmajeed wá dúró fún un. Láti ọjọ́ náà, ì báà jẹ́ ẹkún ni o ń sun, ì báà jẹ́ ariwo lo ń pa, Sàídátù ò ní fọwọ́ kan ilẹ̀kùn àfi tó bá mọ ẹni tó ni ín.

Ọjọ́ Túsìdeè kan nínú oṣù Keje ọdún tó kọjá, ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án àárọ̀, fóònù rẹ̀ dún. Ohùn ọmọbìnrin kan ló gbọ́, ó ń mí gúlegúle.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀yin lẹ máa ń ṣílẹ̀kùn? Ilẹ̀kùn ti tì mọ́ àwọn ọmọ mi! Wọ́n ti ń jáde, kò sì sẹ́ni tó máa gbà wọ́n!"

Sàídátù dìde. Ó ti ń wá bàtà. "Ọmọ mélòó ni?"

"Ẹgbẹ̀rún méjì, mà."

Sàídátù gbé fóònù kúrò létí, ó wò ó, ó tún gbé e padà. "Ẹ ní mélòó?"

"Òròmọdìyẹ ni, Àǹtí! Òròmọdìyẹ!"

Nígbà tó dé Lakowe, ó bá ọmọbìnrin náà níwájú ilé gígùn kan tí wọ́n kùn ní funfun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí àwọn bíríkìlà ti ń kọ́ ilé alájà mẹ́ta. Olúwaṣèyítán lorúkọ rẹ̀. Kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa fi ẹ̀rọ sàba ẹyin, kó sì máa ta òròmọdìyẹ fún àwọn tó ń sin adìyẹ. Ó ní òun kàn jáde lọ wo jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìnkùlé ni, afẹ́fẹ́ sì gbá ilẹ̀kùn irin náà dé. Irú ilẹ̀kùn tó máa ń tira rẹ̀ ni. Kọ́kọ́rọ́ wà lórí tábìlì nínú ilé, fóònù náà wà níbẹ̀. Fóònù Bọ̀sún tó ń ṣọ́ géètì ló fi pè.

"Láti ìdájí ni wọ́n ti ń fọ́ èèpo ẹyin," ni Olúwaṣèyítán wí, tó ń fọwọ́ nu ojú. "Tí wọ́n bá pẹ́ jù nínú ooru ẹ̀rọ yẹn, gbígbẹ ni wọ́n máa gbẹ. Àwọn oníbàárà mi sì ti wà lọ́nà, láti Ẹ̀pẹ́."

Sàídátù gbétí sí ilẹ̀kùn. Lóòótọ́, ó ń gbọ́ wọn, ohùn wẹ́wẹ́ tí kò lóǹkà. Ṣùgbọ́n kò ṣí àpò rẹ̀.

"Ẹ má bínú, àbúrò mi. Kí ló máa jẹ́ kí n mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ nibí?"

Olúwaṣèyítán wò ó bíi pé kò gbọ́ dáadáa. "Àǹtí, ìwé mi wà nínú ilé! Ẹ bi Bọ̀sún!"

Bọ̀sún họ orí. "Àwọn ni mo bá níbí lóòótọ́, mà. Ṣùgbọ́n Tọ́sìdeè tó kọjá ni èmi náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́."

Sàídátù ò bá wọn jiyàn. Ó to búlọ́ọ̀kù mẹ́ta lé ara wọn lábẹ́ fèrèsé kékeré tó wà lókè, ó gun orí rẹ̀, ó yọjú wọlé. "Ó dáa. Ẹ sọ ohun tó wà nínú yàrá yìí fún mi."

"Kọ́kọ́rọ́ àti fóònù mi wà lórí tábìlì. Ife búlúù kan wà níbẹ̀, ó ti kán létí. Àwòrán ìyá mi wà lára ògiri."

"Báwo ni wọ́n ṣe rí nínú àwòrán náà?"

"Wọ́n wé gèlè aláwọ̀ yẹ́lò, wọ́n sì fajú ro bí ẹni tó fẹ́ bá ayàwòrán jà."

Sàídátù wo ògiri. Ó bú sẹ́rìn-ín débi tí búlọ́ọ̀kù fi yẹ̀ díẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. "Òótọ́ lẹ sọ. Ìyá yín nìyí. Ṣùgbọ́n ẹ ṣì máa bá mi pe onílé."

Onílé ò jìnnà. Bàbá Odùbánjọ ni, ẹbí wọn ló ni ilẹ̀ tó pọ̀ jù ládùúgbò náà. Wọ́n ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Wọ́n dé tàwọn ti ọ̀pá ìtilẹ̀, orín ṣì wà lẹ́nu wọn, wọ́n sì wo Sàídátù láti òkè délẹ̀.

"Èmi ni mo nilé, ọmọ yìí ló gbà á lọ́wọ́ mi. Oníkọ́kọ́rọ́ ńkọ́?"

Sàídátù kúnlẹ̀ kí wọn. "Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Èmi náà ni."

"Ìwọ kẹ̀?" Bàbá yọ orín lẹ́nu. "Ọkùnrin ni mò ń retí. Bọ̀sún! Lọ yá òòlù ńlá wá lọ́wọ́ àwọn bíríkìlà, kí ẹ fọ́ ilẹ̀kùn yìí. Àwọn ọmọ ẹyẹ ń kú lọ."

"Bàbá, ẹ dákun," ni Sàídátù wí, kò sì tíì dìde lórí ìkúnlẹ̀. "Ara ògiri yìí gan-an ni ẹ̀rọ náà fara tì, mo rí i lójú fèrèsé. Tí òòlù bá ń dún gbàmù-gbàmù lára rẹ̀, ìpayà ló máa pa wọ́n. Ẹ fún mi ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú péré."

"Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀?"

"Èmi fúnra mi ni màá gbé òòlù náà."

Bàbá gbà. Wọ́n fi orín bọ ẹnu padà. "Ó yá, bẹ̀rẹ̀."

Irin tó kọ́kọ́ kì bọ ihò kọ́kọ́rọ́ yọ̀, kò di nǹkan kan mú. Èkejì gbé àwọn irin wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ sókè díẹ̀, ó yí dé ìdajì, gbogbo rẹ̀ sì tún já wálẹ̀. Òógùn ń ṣàn lọ sí ojú Sàídátù. Ẹ̀rọ tí àwọn bíríkìlà fi ń po kankéré ń bú ramúramù lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ilẹ̀ ń gbọ̀n, ìka rẹ̀ ò sì lè yà á sọ́tọ̀ mọ́, èyí tó ń mì nínú ilẹ̀kùn àti èyí tó ń mì lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀rù bà á. Ó rò ó pé bóyá lọ́tẹ̀ yìí, òun máa gbé òòlù lóòótọ́.

"Bàbá, ariwo yẹn ni ò jẹ́ kí n mọ ohun tí mò ń ṣe."

Kó tó sọ̀rọ̀ tán, Bàbá Odùbánjọ ti kọrí sí ọ̀dọ̀ àwọn bíríkìlà, wọ́n na ọ̀pá sókè. "Ẹ pa á! Mo ní ẹ pa á! Ṣé ẹ ò rí i pé iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́ níbí ni?"

Wọ́n pa ẹ̀rọ náà. Gbogbo ibẹ̀ pa lọ́lọ́. Ohun kan ṣoṣo tó ń dún ni igbe àwọn òròmọdìyẹ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Àwọn bíríkìlà náà sún mọ́ tòsí, wọ́n dúró, kò sẹ́ni tó wúkọ́. Sàídátù di ojú. Ó gbé irin àkọ́kọ́ inú rẹ̀ sókè, ó dúró. Ó gbé èkejì. Ẹ̀kẹta. Ẹ̀kẹrin. Ìkarùn-ún ṣorí kunkun, ó ń yẹ̀ síhìn-ín, ó ń yẹ̀ sọ́hùn-ún. Sàídátù ò fipá mú un. Ó dẹ ọwọ́, ó jẹ́ kó sinmi, ó wá gbé e wẹ́rẹ́.

Kàì!

Ilẹ̀kùn là. Ooru tú jáde, òórùn èèpo ẹyin tẹ̀ lé e, igbe tó sì bú jáde wá ju ti ilé ìwé lákòókò ìsinmi lọ. Olúwaṣèyítán dì mọ́ Sàídátù, ó tú u sílẹ̀, ó sáré wọlé, ó sì gbé pẹrẹsẹ kan tí òròmọdìyẹ kún inú rẹ̀ jáde, tí gbogbo orí rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ẹyin tí wọ́n fọ́ sáwo. "Wọ́n wà láàyè!" ló ń pariwo. "Àǹtí, wọ́n wà láàyè!"

Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n ṣe é, ṣùgbọ́n àwọn bíríkìlà fọ ọwọ́, wọ́n tò sí ìlà kan, wọ́n sì ń gbé pẹrẹsẹ láti ọwọ́ dé ọwọ́ sínú yàrá tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Bọ̀sún ń gbé omi. Sàídátù náà bá wọn gbé e, òròmọdìyẹ mẹ́ta sì wọnú apá aṣọ rẹ̀, wọ́n ń rìn ín kiri, ó ń fò sókè tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ní ti Bàbá Odùbánjọ, wọ́n ti ṣí fìlà wọn, wọ́n kó òròmọdìyẹ méje sínú rẹ̀. Èyí tó ya aláìgbọràn nínú wọn gun èjìká Bàbá, ó sì ń sọ etí wọn. Bàbá rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ọmọ mi," ni wọ́n wí fún Sàídátù láti ìsàlẹ̀ níbẹ̀, "mo ti ta ilẹ̀, mo ti kọ́lé, mo ti bímọ. Inú mi ò dùn báyìí láàárọ̀ rí."

Nígbà tí àwọn oníbàárà dé láti Ẹ̀pẹ́, orin ni wọ́n bá lẹ́nu gbogbo èèyàn, wọn ò sì mọ ìdí rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Sàídátù gé kọ́kọ́rọ́ tuntun fún Olúwaṣèyítán, àti ọ̀kan fún ìyá rẹ̀ tó wé gèlè yẹ́lò. Bó ṣe fẹ́ kó ẹrù rẹ̀, Bàbá na ọwọ́ sí i.

"Tèmi ńkọ́? Ṣé èmi kọ́ ni onílé?"

Ó gé ti Bàbá náà. Bàbá fi okùn so ó mọ́rùn. Láti ìgbà náà, láràárọ̀ kí wọ́n tó jẹun, wọ́n á ti lọ bá Olúwaṣèyítán, wọ́n á ní àwọn fẹ́ wò ó bóyá kọ́kọ́rọ́ náà ṣì ń ṣiṣẹ́. Olúwaṣèyítán ti gbé àga kan síbẹ̀ fún wọn. Nígbàkígbà tí ilẹ̀kùn ayálégbé kan nínú àwọn ilé wọn bá sì yọnu, Bàbá fúnra wọn ló máa ń pe Sàídátù, tí wọ́n á sì sọ fún ayálégbé náà pé, "Obìnrin ni mo rán sí ọ o, ọmọ mi ni, má bi í ní ìbéèrèkíbéèrè."

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Sàídátù ń bọ̀ láti Lẹ́kkí Free Zone níbi tó ti lọ ṣí ọ́fíìsì kan, ó ní kóun yà kí wọn. Ó bá Bàbá lórí àga wọn níwájú ẹ̀rọ, wọ́n tẹjú mọ́ gíláàsì bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù.

"Bàbá, ẹ kú ìjókòó. Ṣé kò sí wàhálà kankan lára kọ́kọ́rọ́?"

"Ṣìọ̀! Ta ló ń sọ ti kọ́kọ́rọ́?" Bàbá sún díẹ̀ lórí àga, wọ́n sì fọwọ́ lu àyè tó ṣẹ́ kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. "Jókòó kíákíá. Èyí tó wà ní igun yẹn ti ń yọ ẹnu."

Sàídátù wo aago. Ó tún wo ẹyin náà, ó ti là fẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, nǹkan kan ń mì nínú rẹ̀. Ó bọ́ bàtà, ó jókòó ti Bàbá.