Etí Bàṣárì Lórí Ilẹ̀ Dúdú

Bí ẹ bá bèèrè Bàṣárì ọmọ Hámúdù lọ́wọ́ àwọn ará erékùṣù Mọ́gíràtì, wọn kò ní sọ fún yín pé ẹni tó ń wá wúrà ni. Wọ́n á ní, ṣé èyí tó ń fetí wo ẹ̀rọ sàn? Ó lé ní ogún ọdún tó fi ń tún ẹ̀rọ tó ń fa omi odò Náílì sí oko dàbínù ṣe níbẹ̀. Kì í tú ẹ̀rọ láì mọ ohun tó ń ṣe é. Á jókòó tì í, á dijú, á gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ewúrẹ́ tó gbọ́ ìró ẹsẹ̀. Nínú gbogbo ariwo yẹn, á wá ní fáàfù kejì ni. Wọ́n á tú u, fáàfù kejì náà ni.

Nígbà tí iná mànàmáná dé etí odò, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ tuntun kì í wúkọ́, kì í kérora. Kí ni etí rere fẹ́ fi ìyẹn ṣe? Bó ṣe di pé ó bá ẹgbẹ́ Dafala wọ aṣálẹ̀ nìyẹn, níbi tí èmi ti ń se tíì àti oúnjẹ fún wọn.

Ẹ̀rọ kan ṣoṣo tó ń gbọ́ wúrà lábẹ́ ilẹ̀ ni Dafala, ọ̀gá wa, ní. Awadu tó ń wa ọkọ̀ wa ló ń gbé e kiri tẹ́lẹ̀. Bí Dafala ṣe gbọ́ ìròyìn etí Bàṣárì, ó gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ Awadu, ó gbé e fún àlejò. Awadu kò jà, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò sinmi. Tí Bàṣárì bá ti gbé ohun ìgbọ́ràn sétí, á ní, "Ẹ dákẹ́ o, dókítà ń gbọ́ ọkàn iyanrìn."

Àwa ní wúrà kan tí a kì í tà. Kò ju ẹyọ àgbàdo kan lọ. Àkọ́bí là ń pè é, torí òun ni Dafala kọ́kọ́ rí láyé rẹ̀. Ní ìdájí, kí iyanrìn tó gbóná, a ó rì í sínú ilẹ̀ lẹ́bàá ibi tíì mi, Bàṣárì á sì gbé àwo tó wà nídìí ẹ̀rọ kọjá lórí rẹ̀. Bó bá ké, ẹ̀rọ yè kooro, a lè lọ. Bí kò bá ké, kò sẹ́ni tó ń jáde lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀yìn àgọ́ wa ni ilẹ̀ dúdú wà, òkè kékeré kan tí òkúta onírin bò mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá gbé ẹ̀rọ débẹ̀, kò ní pa ẹnu dé, bí obìnrin níbi ìgbéyàwó. Gbogbo ẹgbẹ́ tó ti kọjá níbẹ̀ ló pè é ní ilẹ̀ wèrè. Ibẹ̀ ni mo ń da eérú àti àgolo sí.

Oṣù mẹ́ta kọjá, ohun tí a rí kò tó nǹkan. Mo wá ṣàkíyèsí pé lọ́sàn-án gangan, tí gbogbo ènìyàn bá ti sùn sábẹ́ ọkọ̀, Bàṣárì á fi ẹ̀wù jàlàbíyà rẹ̀ kó òkúta dúdú wá sẹ́bàá ibi tíì mi. Á fi Àkọ́bí sábẹ́ wọn, á fi aṣọ tútù bo orí ẹ̀rọ kí ooru má baà mú un máa sọ ìsọkúsọ, á sì máa gbé e lọ, gbé e bọ̀, jẹ́jẹ́. Mo ní oòrùn yìí ò dáa fún àgbàlagbà, kó lọ sùn.

Ó ní, "Ìyá Rùkáyà, òkúta ń pariwo, àbí?"

Mo ní ta ni kò mọ̀.

"Ohùn òkúta bẹ̀rẹ̀ lókè, ó ń bọ̀ wálẹ̀. Ohùn wúrà bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀, ó ń lọ sókè. Inú ariwo kan náà ni wọ́n wà, àmọ́ orin wọn ò jọra."

Mo rọ tíì fún un. Mo rò pé oòrùn ti wọ̀ ọ́ lórí.

Ní Ọjọ́rú, ó ń ṣe èyí lọ́wọ́ ni Awadu pè é pé ọkọ̀ kò jí. Ó dìde lọ gbọ́ ẹ́ńjìnnì. Kó tó padà, ìjì iyanrìn dé, kálukú sá wọ àgọ́. Nígbà tó rọlẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, mo bá ibi tíì mi ní játijàti, òkúta dúdú káàkiri. Mo gbá gbogbo rẹ̀, mo kó o.

Ní ìdájí Ọjọ́bọ̀, Dafala ní kí wọ́n mú Àkọ́bí wá. Kò sí Àkọ́bí.

Bàṣárì jẹ́wọ́ pé òun ló mú un kẹ́yìn, pé abẹ́ òkúta lòun fi í sí, ìjì sì mú òun gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Awadu ní, "Ẹni tó ń bá wúrà ṣeré lọ́sàn-án, kò mọ ibi tó sùn lálẹ́?" Dafala kò pe ẹnikẹ́ni lólè. Ohun tó sọ ni pé ọkọ̀ ń lọ sí ìlú Abu Hámádì lọ́jọ́ Jímọ̀. Bí Àkọ́bí kò bá jáde, Bàṣárì á bá ọkọ̀ lọ, ẹ̀rọ á padà sọ́wọ́ Awadu. A mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Orúkọ olè á ti dé Mọ́gíràtì kí ẹsẹ̀ Bàṣárì tó débẹ̀, ta ni yóò sì tún fún un ní ẹ̀rọ kankan tún ṣe?

Èmi ń da omi sínú ìkòkò tíì nígbà tí òkúta dúdú wọ̀nyẹn sọ sí mi lọ́kàn. Mo gbé ìkòkò kalẹ̀. Kí n má purọ́, mo kọ́kọ́ fẹ́ dákẹ́. Mo wo Bàṣárì bó ṣe jókòó tó sorí kọ́, mo ní, "Dafala, èmi ni mo gbá a. Mo ti dà á sórí ilẹ̀ dúdú pẹ̀lú eérú."

Awadu rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Ó ní ó sàn ká sọ pé ó bọ́ sí odò, torí odò kì í pariwo.

Bàṣárì kò bá mi wí. Ó bèèrè ẹ̀gbẹ́ tí mo dà á sí, ó rẹ aṣọ rẹ̀ sínú omi, ó fi bo orí ẹ̀rọ, ó gbé e. Oòrùn ti yọ, òkúta ti ń gbóná. Ó fọwọ́ ṣa àgolo kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, ó ń gbé àwo ẹ̀rọ sókè, ó ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lójú kan kí ilẹ̀ náà lè mọ́ ẹ̀rọ lára, bí ẹni ń kí àgbà tó ń bínú, títí ariwo náà fi rẹlẹ̀ díẹ̀. Ó wá yọ ohun ìgbọ́ràn kúrò kí gbogbo wa lè gbọ́. Ó rọra ń lọ bí aláboyún tó ru omi.

Ẹ̀rọ ń ké ṣáá. Ó dúró, ó gbẹ́lẹ̀: ìṣó ni. Awadu ní kó fi kan bàtà òun. Bàṣárì tún ń lọ. Lójijì, kódà èmi tí n kò mọ nǹkan gbọ́ ọ, ohùn tín-ín-rín kan tó ń gòkè nínú ariwo yẹn. Ó bu erùpẹ̀ sínú abọ́, ó pín in sí méjì, ó gbé ìkan kọjá lórí àwo, ó tún pín èyí tó ké. Nígbà tó kù bí ẹ̀kúnwọ́, ó fẹ́ eérú rẹ̀ dànù. Àkọ́bí jókòó sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

Dafala gbà á, ó nù ún mọ́ aṣọ rẹ̀. Ó ní omi nìkan ni ọkọ̀ ń lọ pọn lọ́jọ́ Jímọ̀.

Mo rò pé ó parí. Ṣùgbọ́n Bàṣárì kò padà sí àgọ́. Ó kọjá òkìtì eérú, ó lọ síbi tí ẹnikẹ́ni kò da nǹkan sí rí, ó ń gbé àwo náà lọ jẹ́jẹ́. Ní ẹsẹ̀ bíi mẹ́wàá, ohùn tín-ín-rín yẹn tún gòkè. Ó gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó dijú.

Awadu ló mú dígà wá, kò sẹ́ni tó rán an. Ó gbẹ́ ẹ dé orúnkún, òógùn bò ó. Ó bèèrè láìgbójú sókè, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó ṣì ń ké?"

"Ó ń ké. Rọra."

Wúrà tó jáde tó àtàǹpàkò mi, òkúta dúdú lẹ̀ mọ́ ọn lára bí ìyá tó gbá ọmọ mú. Dafala wò ó títí, ó wo gbogbo òkè náà láti ìsàlẹ̀ dé orí, ó wá kọjú sí mi.

"Ìyá Rùkáyà, wá ibòmíràn da eérú rẹ sí."