Ọjọ́ tí Kọ̀ǹpútà Mi Ń Ké

Títí láé ni n ó máa rántí ọjọ́ tí mo kó ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé mi láti Òkè-Arò wá sí Akútè.

Mo gbé kọ̀ǹpútà lé itan nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, torí pé inú rẹ̀ ni àwòrán ìyá mi kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù wà. Ọjọ́ kejì la fẹ́ sin ín, mo sì gbọ́dọ̀ tẹ àwòrán náà sára ìwé ètò ìsìnkú. Kẹ̀kẹ́ náà kò yẹ kòtò kankan.

Nígbà tí mo tan kọ̀ǹpútà, ojú rẹ̀ dúdú, ó sì ń ké léraléra. Mo pa á, mo tún un tàn, igbe náà ni. Ìyá Tósìn, aládùúgbò mi tuntun, sáré wọlé, ó nawọ́ sí i: "Ẹ̀mí tó ń ké, dákẹ́ lórúkọ Jésù!"

Àlàájì tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lódìkejì títì wọlé tẹ̀ lé e, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá Tósìn, ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Kó tó ṣiṣẹ́, ó máa ń pe ẹ̀yà ara ẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí kò dáhùn ló ń fẹjọ́ ẹ̀ sùn yẹn."

"Ṣé àwòrán ìyá mi ti lọ nìyẹn, sà?"

"Rárá, ibòmíì nínú ẹ̀ nìyẹn wà." Ó tú u, ó yọ pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kòtò ti mì kúrò nípò, ó nu ẹnu rẹ̀, ó sì tì í padà. "Ẹ tàn án. Tó bá ké lẹ́ẹ̀kan péré, gbogbo wọn ti dáhùn nìyẹn."

Mo fà sẹ́yìn. Ìyá Tósìn ló bá mi tàn án. Kọ̀ǹpútà ké lẹ́ẹ̀kan péré, ojú rẹ̀ sì mọ́lẹ̀.

"Àmín!" Àlàájì ló kọ́kọ́ pariwo rẹ̀.

A sin ìyá mi, àwòrán rẹ̀ wà lọ́wọ́ gbogbo èrò. Títí di òní, bí mo bá tan kọ̀ǹpútà láàárọ̀, n kì í jókòó àfi tí mo bá gbọ́ igbe kan ṣoṣo yẹn.