Kóró Dàbínù Inú Búrẹ́dì Mi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn ohun tí búrẹ́dì fi ojú mi rí ní Jímọ̀ tó kọjá. Bẹ́ẹ̀ ni, búrẹ́dì!

Orí fóònù ni mo ti rí i. Àwọn ará Mẹ́síkò máa ń yan búrẹ́dì dídùn kan nígbà ọdún wọn, ó rí roboto bí òṣùká, wọ́n á wá to èso sí i lórí. Wọ́n máa ń fi ère ọmọ jòjòló kan pamọ́ sínú rẹ̀. Ẹni tó bá bá ère náà pàdé ló máa gba àwọn yòókù lálejò. Èmi Mùsùlùmí tí mo ń gbé ní Jẹ́dà, ní Saudi, kí ni mo fẹ́ fi ère ṣe? Mo fi kóró dàbínù rọ́pò rẹ̀. Mo gbọ́n, àbí?

Ilé mi ni ẹgbẹ́ àsàlátù àwa obìnrin ń bọ̀ lọ́jọ́ náà. Mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ẹni tó kàwé ló ń gbé níbẹ̀. Mo po ìyẹ̀fun mọ́ bọ́tà, ẹyin, ṣúgà àti èèpo ọsàn. Mo fi íìsì sí i. Ó wú, èmi náà wú.

Àlàájà, àgbà ẹgbẹ́ wa, wá láti Az-Zahir ní Mẹ́kà. Ìyàwó dókítà kan gbé ọmọ rẹ̀ obìnrin dání. Sàlámátù, tó ń dirun fún gbogbo wa, wá láti Al-Karantina, àdúgbò kan ní Jẹ́dà níbí. Ibí ni wọ́n bí Sàlámátù sí. Bàbá àgbà rẹ̀ ló wá ṣe Hájì, tí kò padà sí Nàìjíríà mọ́.

Mo gé búrẹ́dì, mo sì ka òfin: ilé ẹni tó bá rí kóró la ó ti ṣe àsàlátù tó ń bọ̀. Àlàájà ní kí Ọlọ́run jẹ́ kó bọ́ sọ́wọ́ òun, torí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ àga pálọ̀ ni. Ta ló bi wọ́n?

A jẹ búrẹ́dì tán. Kóró dà? Kò sí! Ṣé mo gbàgbé ni? Rárá, ọwọ́ mi yìí ni mo fi tì í wọnú búrẹ́dì.

Àfi bí ọmọ ìyàwó dókítà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ìyá rẹ̀ figbe ta pé ọmọ òun ti gbé kóró mì, ó ń tẹ̀ ẹ́ níkùn. Ọkọ rẹ̀ ló kàwé dókítà o, ṣùgbọ́n tí ẹ bá gbọ́ ọ, ẹ ó rò pé àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ kà á. Ó ti mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, ó di ilé ìwòsàn, kí wọ́n lọ ya fọ́tò inú ọmọ!

Mo sáré wọ kíṣìnnì kí n bu omi. Sàlámátù ni mo bá níbẹ̀, tó ń sunkún. Ó la àtẹ́lẹwọ́. Kóró rè é!

“Àǹtí, wallahi, mo fẹ́ jáde wá sọ ọ́. Ṣùgbọ́n níbo ni Àlàájà máa jókòó sí? Àwa mẹ́fà là ń sùn nínú yàrá kan. Tí wọ́n bá rí ibẹ̀, ṣé wọ́n á tún jẹ́ kí n fọwọ́ kan orí wọn?”

Ẹ wò ó, bí àwọn aláìní ṣe ń gbé ìgbé ayé wọn ni mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì o! Ọdún mẹ́rin ni Sàlámátù ti ń wọlé mi, n kò bi í rí pé níbo ló ń sùn.

Mo gba kóró, mo jáde, mo ní èmi ni mo rí i, mo fi pamọ́ torí n kò fẹ́ gbàlejò mọ́. Èérún lásán ló há ọmọ náà lọ́fun. Àlàájà wò mí látòkè délẹ̀: “Ìwọ Lẹ́kíṣọ́rà! Ahun tó kàwé!” Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Orúkọ mi lórí WhatsApp nìyẹn báyìí. Ìyẹn kò dùn mí.

Ohun tó ń dùn mí ni pé Sàlámátù kò bá wọn rín in. Ó wọ abáyà rẹ̀, ó lọ. Látìgbà náà, mo ń pè é, kò gbé e. Ìyàwó dókítà ní òun náà pè é pé kó wá dirun, kò wá.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé kí ẹ tó gbé eré wá sáàárín ọ̀rẹ́, ẹ kọ́kọ́ wo ẹni tí eré náà máa dójú tì. Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹ ti dójú ti ẹni tó fẹ́ràn yín rí, níbi tí ẹ ti ń ṣe fàájì? Báwo lẹ ṣe bẹ̀ ẹ́? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún mi, ẹ jọ̀ọ́. Mo mọ àdúgbò rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò mọ ilẹ̀kùn tí màá kàn.